Eyín Múnírù

Múnírù, ọmọ ọdún kan ààbọ̀, ti kọ oúnjẹ láti àná.

Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù," ni Sàfúrátù, ìyá rẹ̀, ń bẹ̀.

Àṣàbí, ìyá àgbà, bú sẹ́rìn-ín. "Ọsibítù nítorí eyín tó ń hù? Èmi tí mo bí méje, ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Ó ránṣẹ́ pe àáfà, àáfà fọ wàláà tó kọ Kùránì sí, wọ́n sì fún ọmọ ní omi hàntú náà mu. Ó bì í padà.

Àlájì Yísà, bàbá àgbà, tẹ́tí. Àná ló pààrọ̀ bátìrì ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ràn, èyí tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wọn ní Adéta.

"Àṣàbí, mímí ọmọ yìí ń súfèé."

"Ẹ̀rọ yín ló ń súfèé, Àlájì."

Lọ́jọ́ kẹta, Múnírù bi ẹ̀jẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà jáde pẹ̀lú abọ́ kékeré lọ́wọ́.

"Ìyá, ọmọ ti lọ. A yọ èyí, ṣùgbọ́n ó ti jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lu. Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni..."

Ohun roboto kan ni, bíi bọ́tìnnì, ó ti dúdú.

Àṣàbí mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ tí Àlájì pààrọ̀ bátìrì, ó na bátìrì àtijọ́ sí i: "Ó ti kú. Bá mi dà á nù."

Múnírù ń sunkún nígbà náà. Àṣàbí fi lé e lọ́wọ́.

"Gbà, fi ṣeré," ló wí. "Òkú ò lè ṣe ọ́ ní nǹkan."