Òdòdó Mẹ́fà

"Mo ti fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo fẹ́ wá fìdí kalẹ̀ níbí, lọ́dọ̀ rẹ."

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Colin fi sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà Smaranda, opó kan ní ìlú Sibiu ní Ròmáníà, òdòdó mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògbufọ̀ kan dúró láàárín wọn. Ó ti pẹ́ tí ọkàn òun náà ti fà sí opó yìí, àmọ́ kò rí ẹnu sọ ọ́. Owú ń ta á nínú bí ata.

Ó yíjú sí obìnrin náà, ó fi èdè Ròmáníà wí pé, "Ó ní iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹsẹ̀ ń ro òun, òun fẹ́ jókòó."

"Ó mà ṣe o! Kó jókòó, jàre." Smaranda fa àga síta. Colin kò wo àga. Obìnrin náà ló tẹjú mọ́.

Smaranda wá ka òdòdó. Ojú rẹ̀ yí padà. "Mẹ́fà kẹ̀? Ṣé òkú ni mí ni? Iye tó bá ti pín dọ́gba sí méjì, sàréè là ń gbé e lọ. Ta ló yan èyí?"

Colin rí i tó ń nàka sí òdòdó. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìmoore nàka sí ògbufọ̀.

Smaranda gba òdòdó náà. Ó yọ ẹyọ kan, ó fi há àpò kóòtù ògbufọ̀. Inú ògbufọ̀ dùn ṣìnkìn.

"Tèmi ti ku márùn-ún, ó ti di ti alààyè," ni Smaranda wí. "Ọkùnrin tẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ ń ro yìí ò tíì wo àga lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá ògbufọ̀. Ohun yòówù tó sọ gan-an, ẹ bá mi sọ fún un pé mo gbà."