Ẹ̀kọ́ Bíbéèrè Omi

"Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síwájú ẹnu, Màmá. Bí ẹ bá pe 'please' dáadáa, èémí yóò kàn yín lọ́wọ́."

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú yàrá kan ní Súrùlérè. Ìyá arúgbó tó jókòó níwájú rẹ̀ gbìyànjú. "Pùlíìsì."

"Ẹ má fi 'ù' há a láàárín."

"Tísà, ẹ ṣe é pẹ̀lẹ́ o. Eyín méjì péré ló kù tó ń bá mi ṣiṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín olùkọ́ kò pẹ́. Lánàá, nígbà tí ó lọ kọ́ni ní Yábàá, ikọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí arúgbó náà. Ó ń ké pé, "Omi! Omi!" Ọmọdé kan ṣoṣo tó wà nílé kàn ń wò ó ni. Kò gbọ́ Yorùbá, nítorí ìyá rẹ̀ ti kà á léèwọ̀ fún un.

"Ó ti tó, Màmá. Ẹ pe ọmọ náà wá, kí ẹ dán an wò."

Arúgbó náà pe ọmọ náà láti pálọ̀, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ fún omi. Ọmọ náà gbọ́, ó sì fi ife bu omi wá. Kò kúnlẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi na ife náà sí i.

"Ọmọ́táyọ̀! Kúnlẹ̀, kí o sì fi ọwọ́ ọ̀tún..." Olùkọ́ wo ojú ọmọ náà. Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí kò gbọ́ ohun tí òun ń wí.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi," ni arúgbó náà wí fún olùkọ́. "Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní 'omi' kí o tó lè rìn."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀.