Oúnjẹ Ìkẹyìn Adébíyìí

Alùfáà ti kéde ìgbéyàwó náà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìjọ ní Adó. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré nígbà tí Ọláoyè, olórí ilé, ní kí wọ́n dáwọ́ dúró ná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Adébíyìí ni orúkọ baba Bàbá Àríyọ̀, ará Ìgèdè. Àbúrò baba tirẹ̀ náà ń jẹ́ Adébíyìí, ó jáde nílé nígbà ogun, kò sì padà mọ́.

"Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan ni wá," ni Ọláoyè wí. "Kò sí ìgbéyàwó mọ́ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ti padà sí ilé baba wọn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó kàn rán ọmọ-ọmọ rẹ̀, Olúmúyìwá olùkọ́, pé kí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgèdè, kí Bàbá Àríyọ̀ mú ẹ̀rí yòówù tó bá ní wá.

Ní Sátidé, Bàbá Àríyọ̀ dé pẹ̀lú Monínúọlá, ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó ru àpótí kékeré kan. Olúmúyìwá ti lọ ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbá àgbàlá, ó sì tún un gbá.

Obìnrin aládùúgbò kan na ọrùn lórí ògiri. "Tíṣà, ta ni arẹwà yìí? O kò tilẹ̀ sọ fún wa!"

Olúmúyìwá rẹ́rìn-ín. Monínúọlá fi ìborùn bo ẹnu. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á tètè ṣe é o. Ẹni tí mo fi sílẹ̀ nílé kò mọ iná dá."

"Ẹ kú ulé o," ni Bàbá Àríyọ̀ fi ohùn Ìgèdè kí wọn.

Ọláoyè kò jẹ́ kí ó jókòó dáadáa. "Níbo ni baba yín ti wá?"

"Ìyá mi ní ọ̀nà Adó ni ó gbà dé Ìgèdè."

"Ẹ gbọ́ ọ? Ọ̀nà Adó."

"Gbogbo ènìyàn ló ń gba ọ̀nà Adó," ni Ìyá Àgbà wí. "Ewúrẹ́ gan-an ń gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n ṣe iṣẹ́ mi." Ọláoyè yíjú padà. "Ẹ kò bi baba yín fúnra rẹ̀ ni?"

"Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí ogun kó o lọ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé ó kú ni mo tó mọ̀ pé ó ti wà láàyè ní Abẹ́òkúta láti ìgbà náà."

Ó ṣí àpótí. Ó yọ ìwé ìròyìn kan tí ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Oníṣòwò kan ló bá a mú un wá láti Èkó. "Wọ́n ti kà á fún mi rí. Ẹkún ni mo ń sun, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀."

Olúmúyìwá gbà á, ó sì fi ohùn kíláàsì kà á. "'Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a fi kéde ikú Baba wa, Adébíyìí...'"

"Yára kà á," ni Ìyá Àgbà wí.

"Rọra kà á," ni Ọláoyè wí.

"'...ẹni tí ó fi ọmọkùnrin kan, Àríyọ̀, sílẹ̀ ní Ìgèdè, tí kò sì yé gbàdúrà fún un títí di òpin.'"

Bàbá Àríyọ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá Àgbà bu omi wá, ó gbé e síwájú rẹ̀.

"'Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó sùn nínú Olúwa, ó béèrè ìgbín. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí wọ́n tún bu ọbẹ̀ sí i, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.'"

"Dúró níbẹ̀!" Ìyá Àgbà ti dìde. "Kí ló ní ó jẹ?"

"Ìgbín, Mà."

"Tún un kà!"

Ilé Ọláoyè kì í jẹ ìgbín. Ìkòkò tí wọ́n fi se ìgbín kì í tilẹ̀ wọ àgbàlá wọn.

"Onígbàgbọ́ ni ó dà," ni Ọláoyè wí. "Onígbàgbọ́ lè jẹ ohunkóhun."

"Ìwọ ńkọ́? Kèfèrí ni ọ́? Ìgbà wo ni o jẹ ìgbín kẹ́yìn?"

Ọláoyè húkọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ẹ ń kánjú sí? Èèwọ̀ kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé."

Monínúọlá ti kúnlẹ̀ níwájú Ọláoyè, ó di etí ìró rẹ̀ mú. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ó kà á tán."

Olúmúyìwá wo ìlà tó kù. Ó rẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. "'Láti ìgbà èwe ni ó ti fẹ́ràn rẹ̀, nítorí òun àti baba rẹ̀ a máa ṣa ìgbín nínú igbó Ìlawẹ̀, níbi tí wọ́n gbé bí i.'"

Ọláoyè gba ìwé náà. Ó mú un sún mọ́ ojú, ó mú un jìnnà. Ó dá a padà.

"Ará Ìlawẹ̀ ni," ni ó wí. "Kì í ṣe ẹni wa. Kí alùfáà kéde ẹ̀ẹ̀kẹta."

Ìyá Àgbà hó yèè. Bàbá Àríyọ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sílẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbé ìgbín sún mọ́ ọmọ ilé yìí o," ni Ọláoyè wí.

"Láti òní lọ," ni Bàbá Àríyọ̀ dáhùn, "mo ti fi ìgbín sílẹ̀."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, Olúmúyìwá di apá ìyàwó mú wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fà á lé ọkọ lọ́wọ́, Monínúọlá tí ó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ tirẹ̀ sì bú sẹ́kún ayọ̀ bí Bàbá Àríyọ̀ ṣe ń fi òrùka bọ Ìyá Àgbà níka.