Òkúta Tó Ti Mumi Rí

Kí ni a mọ̀ pé omi lè fi òkúta ṣe? Ó lè gbé e lọ. Ó lè mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Bí ó bá sì pẹ́ lára rẹ̀, ó lè sọ ọ́ di amọ̀. Ìbéèrè yìí ni Ọ̀mọ̀wé Vasudha fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Jaipur. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì, kò sì tíì fọwọ́ ara rẹ̀ kan irú òkúta ojú ọ̀run tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tó já sínú oko Dhularam amọ̀kòkò nìkan ló kù tó lè bá.

"Bàbá, òkúta náà dà?" ni Vasudha bi amọ̀kòkò náà bó ti dé ilé rẹ̀.

"Tíì lẹ ó kọ́kọ́ mu," ni Dhularam wí. "Ta ló ń gba àlejò lórí ìdúró? Gulabi, gbé ife àlejò wá! Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó dúdú."

Gulabi ìyàwó rẹ̀ gbé e wá. Ife amọ̀ ni bíi tàwọn yòókù, àfi pé ó wúwo díẹ̀. Bí Vasudha ti gbé e sẹ́nu, òòfà tó fi ń dá òkúta ojú ọ̀run mọ̀, tó so mọ́ ọrùn, fì lọ kan ife náà. Ó taari òòfà náà sẹ́yìn èjìká.

"Ẹ ò jẹ́ kí omi kan òkúta náà, àbí?"

"Háà! Ohun tó ti ọ̀run bọ̀ nínú oòrùn yìí, ká má fún un lómi? Ó mumi ju ràkúnmí lọ."

Vasudha gbé ife náà sílẹ̀. "Bàbá, omi tó ti mu tẹ́lẹ̀ ni mo ń wá! Nígbà tí ayé yìí ò tíì di ayé tán, yìnyín yọ́ nínú àpáta ńlá tí èyí ti já kúrò. Omi ẹ̀ wọnú òkúta líle, ó ń sọ ọ́ di amọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Amọ̀?" Bàbá dìde fùú. "Gulabi! Ṣé o gbọ́? Mo sọ fún ẹ pé amọ̀ ni, o ní orí mi ti dàrú!"

"Ó ṣì dàrú," ni Gulabi dáhùn láti ìdí ààrò.

Inú Vasudha dùn. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ náà tètè yé tó báyìí rí.

"Ó ṣì wà nílé, àbí?"

"Kò jìnnà sí yín rárá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ bu tíì sí i."

Ó wọlé. Atalẹ̀ inú tíì náà mú dáadáa, òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí sì ń jáde lára ife. Vasudha mu ún tán. Ọmọ ilẹ̀ náà ni, ó mọ̀ pé wọn kì í fi ife amọ̀ tí ẹnìkan ti mu bu tíì fún ẹlòmíràn. Ó ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é láti kékeré: ó sọ ife náà mọ́ ògiri, ó fọ́ wẹ́wẹ́ sórí òkìtì àpáàdì tó wà níbẹ̀.

Dhularam jáde pẹ̀lú ìkòkò tíì. "Ife yín dà?"

"Mo ti mu tán, Bàbá. Ó yá, ẹ gbé òkúta mi wá."

Bàbá wo ògiri, ó wo òkìtì àpáàdì tó ga dé orúnkún, ó rọra gbé ìkòkò tíì sílẹ̀, ó ní, "Gbogbo òkúta náà ni mo fi mọ ife tẹ́ ẹ sọ mọ́ ògiri yẹn, Màdáàmù, torí náà ẹ bọ́ òòfà ọrùn yín ká fi ṣa á, ká kọ́kọ́ yẹ apá òsì òkìtì yìí wò."