Morádèkẹ́ Jókòó Lé Awọ

Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ tí ọwọ́ yín kì í dúró sójú kan. Ní Ọ̀yọ́, ní òpópónà àwọn tó ń rán awọ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Morádèkẹ́. Ó mọṣẹ́, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti sọ pé rárá, ẹ yáa wá ibòmíràn gbà.

Inú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Láṣebìkan ni maṣíìnì rẹ̀ wà. Aṣọ ilé-ìwé ni Ọ̀gá yìí fi kọ́ṣẹ́ kí ó tó bọ́ sídìí awọ, iṣẹ́ kíákíá ló sì fi ń yangàn. Maṣíìnì tirẹ̀ rí gìrìwò bí ewúrẹ́ tó lóyún, mọ́tò iná tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ a sì máa bú ramúramù. Bí ẹsẹ̀ bá ti kan pẹ́dàlì báyìí, abẹ́rẹ́ ti sá dé ìparí awọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó rọra, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi di kẹ̀kẹ́ tó ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mú, kẹ̀kẹ́ á sì bó o lọ́wọ́.

Morádèkẹ́ ní ìyá òun kò bí ọwọ́ òun fún bíbó. Ó yọ mọ́tò tirẹ̀ dànù, ó ra irú èyí tó ní bọ́tìnnì tí a ń yí. Bí ó bá yí i sísàlẹ̀, abẹ́rẹ́ a máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kú, kú, kú, bí àgbàlagbà tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, agbára rẹ̀ kò sì ní dín rárá.

"Morádèkẹ́," Ọ̀gá á pariwo kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́, "ṣé awọ lò ń rán ni, àbí ọmọ lò ń rẹ̀ lẹ́kún?"

"Ọmọ ni, Ọ̀gá. Tiyín ni kì í gbẹ̀bẹ̀, ó kàn ń géni jẹ ṣáá ni."

Lọ́jọ́ kan, géńdé ọkùnrin kan pọn bàbá rẹ̀ wọlé. Bàbá Àtàndá ni arúgbó náà ń jẹ́. Ẹsẹ̀ kan ló ní. Èkejì, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, wà ní abíyá rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Awọ tó máa ń di ẹsẹ̀ náà mọ́ itan rẹ̀ ti já láti oṣù mẹ́ta, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pọ̀n ọ́n kiri.

"Ìyàwó mi ti ní kí wọ́n lọ ra ọ̀já wá," ni Bàbá wí. Ó na awọ màlúù kan sí Ọ̀gá. "Ẹ̀yọ kan ṣoṣo tí mo rí nìyí tó nípọn bó ṣe yẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà á jẹ́ o."

"Kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu yín, mo ti parí!"

"Ọ̀gá," ni Morádèkẹ́ dá sí i, "ẹ kọ́kọ́ fi àjákù awọ dán an wò."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ju àjákù kan sábẹ́ abẹ́rẹ́. Mọ́tò bú, awọ fò, ìlà tó yẹ kó tẹ̀ bí etí àwo wá ń rìn bí ọ̀mùtí.

"Kò burú," ni Ọ̀gá wí. "Bó bá ṣì, a ó tú u, a ó tún un rán."

Ọ̀rọ̀ aránṣọ nìyẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ, ojú ihò a padà dí. Ti awọ kì í dí láéláé. Morádèkẹ́ tú òwú ara àjákù náà, ó fi lé arúgbó lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ fà á díẹ̀."

Bàbá fà á. Fàà! Ó ya gba ojú ihò bí ìwé.

Ọ̀gá ti nawọ́ sí awọ gidi, ṣùgbọ́n tábìlì lásán ló bá. Morádèkẹ́ ti gbé awọ náà sórí àga, ó sì ti fi gbogbo ìdí jókòó lé e.

"Dìde!"

"N ò dìde."

"Ta ló ni ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá. Ta ló ni awọ?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Àtàndá. Ó wo èyí tó ya lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo obìnrin tó jókòó bí òkúta.

"Èmi ni mo ni ín," ó wí. "Ẹ jẹ́ ó jókòó síbẹ̀."

"Ó dáa, kó gbé maṣíìnì rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi! Báyìí-báyìí!"

Ọ̀gá rò pé ẹ̀rù á bà á. Morádèkẹ́ ká awọ sábíyá, ó mú etí kan lára tábìlì maṣíìnì rẹ̀, ọmọ Bàbá mú èkejì, wọ́n gbé e sọdá títì lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá tó ń lọ ata.

"Ìyá, ẹ yá mi níná."

"Gbà á. Bí ata bá ta ọ́ lójú, má bú mi o."

Níwájú gbogbo òpópónà, ó yí bọ́tìnnì sísàlẹ̀. Kú. Kú. Kú. Bí ó bá dé ibi tí ìlà ti tẹ̀, á dá abẹ́rẹ́ dúró sínú awọ, á yí awọ, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ihò kan kò ṣì. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń bú u, ó ń bi í bóyá ọdún yìí ni yóò parí. Morádèkẹ́ kò wojú rẹ̀.

Ọ̀sán ti yẹ̀ kí ó tó gé òwú. Bàbá Àtàndá wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dì í pinpin, ó dìde. Ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kí ó gun òun lẹ́yìn, Bàbá fi ọ̀pá gbá a nídìí. "Kúrò lọ́nà!" Ó sì rìn kọjá, ó gba iwájú Ọ̀gá Láṣebìkan lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tí awọ rẹ̀ kò bá ní èkejì, òdìkejì títì ló ń lọ. Nígbà tí Ọ̀gá rí i pé ṣọ́ọ̀bù òun ń dá páro, ó ránṣẹ́ pé kí Morádèkẹ́ máa bọ̀ nílé.

"Ẹ bá mi kí Ọ̀gá," ó fèsì. "Ìgbín kì í padà wá mú ilé, ó ti gbé e dání."

Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n á sọ fún yín pé agídí ò dáa. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ti ìgbéraga. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ iṣẹ́ yín, tí ẹ sì mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò jìyà bí ẹ bá gbà fún aláriwo, ẹ má dìde fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú ṣe yín ní yẹ̀yẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.