Mẹ́mórì Tí Ìbíkúnlé Yọ Kúrò Nínú Báàgì

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin o, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ẹ má ṣe bíi tèmi tí mo máa ń ka ìlà méjì, tí màá ní mo ti mọ̀ ọ́n.

1.
Ìbíkúnlé ń ya fọ́tò ní Mushin. Ṣọ́ọ̀bù kan náà la jọ ń lò, ojú mi ni gbogbo ẹ̀ ṣe. Ó mọṣẹ́ dunjú, àmọ́ fáàrí ẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Shakirat, oníbàárà wa, pè é wá ya bàbá ẹ̀, Bàbá Yẹ̀kínnì, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọn kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Shakirat fi bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ náà tí èmi àti Ìbíkúnlé jọ lọ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé, wọ́n gbé ọmọ ọmọ wọn tó kéré jù lé ẹsẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo wò ó nínú kámẹ́rà. Fọ́tò yẹn dùn ún wò.

"Ìbí, kó o sí kọ̀ǹpútà o," ni mo wí.

"Tó bá dọ̀la."

2.
Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n pè é síbi tí àwọn aránṣọ kan ti ń ṣàfihàn aṣọ ní Sùúrùlérè. Ẹ̀yin èèyàn mi, báàgì kámẹ́rà kì í ṣe àpò ìrìn-àjò! Bátìrì méjì, mẹ́mórì tó ṣófo tí kámẹ́rà máa kó fọ́tò sí, aṣọ tí a fi ń nu lẹ́ńsì, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìbíkúnlé kó mẹ́mórì àti bátìrì kejì sórí tábìlì, ó fi bàtà dídán àti lọ́fínńdà rọ́pò wọn.

"Èyí tó wà nínú kámẹ́rà ti tó," ó ní. "Àbí kí n wọ sálúbàtà lọ síwájú àwọn èèyàn ńlá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Kò pé wákàtí kan tí mẹ́mórì fi kún. Àwọn ọmọge ń jáde bọ̀ nínú aṣọ tuntun, ó ń tú báàgì, sálúbàtà tó bọ́ àti lọ́fínńdà ló ń bá. Ló bá pa àwọn fọ́tò bàbá rẹ́ kó lè ráàyè. Ó ní òun rò pé òun ti kó wọn sí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́ o, ó rò!

3.
Ọjọ́ Ajé ló tó mọ̀ pé òun ò kó nǹkan kan. Ó sáré lọ sí Yaba, sọ́dọ̀ àwọn tó máa ń bá èèyàn wá fọ́tò tó ti pa rẹ́ nínú mẹ́mórì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ya òmíràn lé e lórí," ni wọ́n sọ fún un. "Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Bàbá ṣì wà láàyè nígbà yẹn o! Kó lọ dọ̀bálẹ̀, kó tún wọn yà, ọ̀rọ̀ parí. Àmọ́ ojú ń tì í. Nígbà tí Shakirat pè, èmi gan-an ni mo ṣẹ́jú sí i pé kó sọ pé òun ń tún un ṣe lọ́wọ́. Ọlọ́run forí jì mí.

"Àǹtí mi, ó kù díẹ̀," ni Ìbíkúnlé wí. Lọ́jọ́ kejì, ó kù díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ṣì kù díẹ̀.

4.
Ọjọ́ kẹsàn-án tí a ti ń purọ́ yìí ni bàbá kú láàárọ̀. Ẹ mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í gbé òkú pamọ́. Kí ìrun Àsárì tó tó, wọ́n ti sin wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin bàbá, Shakirat wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ojú ẹ̀ ti wú. "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ lo fọ́tò yẹn fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Bó ṣe wà ni kẹ́ ẹ fún mi, kódà bẹ́ ẹ ò tíì tún un ṣe."

Ìbíkúnlé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ dárí jì mí. Kò sí fọ́tò. Ó ti pẹ́ tí kò ti sí mọ́."

Shakirat wò wá, èmi àti Ìbíkúnlé. Kò pariwo, ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo.

"Inú wọn dùn sí fọ́tò yẹn débi pé wọ́n ní kí n tún pè yín, kẹ́ ẹ wá ya èmi àti wọn nìkan," ó ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ parí ti àkọ́kọ́ ná."

Ó jáde. Títí dòní, mi ò lè gba iwájú ilé wọn kọjá.

Ẹ̀yin ayàwòrán, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má yọ irinṣẹ́ kúrò nínú báàgì nítorí fáàrí. Ẹ kó fọ́tò síbi méjì kẹ́ ẹ tó sùn. Bẹ́ ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo òtòkùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.