Ọdún Kò Tẹ̀ Lé Orúkọ

"Orúkọ nìkan lo kọ sínú àkámọ́. Ìlànà ìtọ́kasí MLA nìyẹn!" Olùkọ́ náà fi bírò gún pépà. "APA là ń lò níbí: orúkọ, kí ọdún tẹ̀ lé e. Ọdún wo lo bá ẹni yìí sọ̀rọ̀?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà kúnlẹ̀. "Ọdún yìí ni, sà. Àlàájì Ṣàràfá tó ń ta pákó n'Íbàfò."

Bírò bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́. "Bàbá mi nìyẹn. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí èmi gan-an bu yẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí ní sàréè."

"Mo ká ohùn wọn sílẹ̀, sà." Ó tẹ fóònù rẹ̀.

Àgbàlagbà kan wúkọ́ nínú fóònù náà. "Bí Àjàní ọmọ mi bá béèrè ọdún lọ́wọ́ rẹ, sọ fún un pé mo rí ohun tó pò mọ́ ẹ̀kọ tó fún mi mu."